Àríwá Ń Pè, Gúúsù Dákẹ́

Ní abúlé wa, Nasla, tí kò jìnnà sí Mallawi ní ilẹ̀ Íjíbítì, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí a wà nínú ọdún kò nílò kàlẹ́ńdà. Kó ṣáà lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, kó gbọ́ ibi tí Banub, afọ́jú tó ń darí orin wa, ń gbé ohùn gbà. Bí ohùn náà bá ń wọ́ nílẹ̀, a ti wọ ọ̀sẹ̀ Ìjìyà Olúwa nìyẹn, kí kálukú yáa lọ rẹ ẹ̀wà rẹ̀ sómi. Bí ohùn náà bá ń fò, tí aro, àwo idẹ méjì tí à ń gbá pọ̀, sì ń dún tẹ̀ lé e, Àjíǹde ti dé, a ti wọ àádọ́ta ọjọ́ ayọ̀. Nínú àádọ́ta ọjọ́ yẹn ẹnikẹ́ni kì í gbààwẹ̀, wọn kì í sì í kọ orin arò nínú ilé Ọlọ́run, ìbáà jẹ́ òkú ni wọ́n gbé wá síbẹ̀. Banub kì í ṣi orin mú. Ó lè ṣèèṣì wọ ilé onílé bí ilé ara rẹ̀, ó ti ṣe é rí lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì fún un ní tíì mu níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣi orin mú rí.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́. Ojú dídùn kan ló jà lábúlé lọ́dún náà. Ìyá rẹ̀ fi omi tíì tútù wẹ̀ ẹ́, ó fi òróró ṣọ́ọ̀ṣì pa á, ojú ò gbọ́. Bàbá rẹ̀ tó ń dáko ìrèké wò ó títí, ó ní, "Kí ni n ó fi ọmọ tí kò mọ ìrèké yàtọ̀ sí esùsú ṣe?" Ó dì í lọ́wọ́ mú, ó di ọ̀dọ̀ Abadir, afọ́jú àgbà tó ń darí orin ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwa látọjọ́ táláyé ti dáyé. Ẹni tó ríran ń lọ sóko, ẹni tí kò ríran ń lọ sídìí orin, a ó sì máa pè é ní Mọ́álímù títí tí yóò fi kú, bí a ṣe ń pe gbogbo ẹni tó kọ́ni níṣẹ́.

Zikri ni wọ́n ní kó máa fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Abadir. Ẹgbẹ́ Banub ni, ọmọ opó kan lẹ́yìnkùlé ni, ojú rẹ̀ mú bíi ti àṣá ṣùgbọ́n ìwé ò wọ̀ ọ́ lórí rárá. Ó yẹ kí Zikri máa fi Banub sílẹ̀ níbẹ̀ kó lọ ṣeré. Kò lọ. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́, nígbà tí ọdún kan fi máa yí po, orin tí Abadir ń fi ọ̀pá kì bọ Banub létí ti wọ Zikri lára láìsí ọ̀pá.

Ìgbà tí Abadir mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó kó àwọn méjèèjì lọ sí ipadò tí ń gbé omi lọ sóko ìrèké. Ó fi Banub sí bèbè àríwá, ó fi Zikri sí bèbè gúúsù. Ẹfọ̀n ń ké láàárín wọn, àwọn obìnrin ń fọ ìkòkò, ẹ̀rọ omi ń hó. Àríwá á kọ ẹsẹ̀ kan, gúúsù á dáhùn èyí tó tẹ̀ lé e. Báyìí ni a ṣe ń kọ ìyìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìhà méjì ni, níwájú aṣọ ìkélé ibi mímọ́, àwọn kan ní àríwá, àwọn kan ní gúúsù, wọn a máa jù ú síra wọn. Abadir ní, "Bí ẹ bá lè gbọ́ ara yín lórí omi yìí, kò síbi tí ẹ ò ti ní gbọ́ ara yín. Ẹ fetí sí mi dáadáa. Ìyìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Ẹni tó bá ń dá yin Ọlọ́run, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa yin ara rẹ̀."

Nígbà tí Abadir kú, àwọn méjèèjì ló rọ́pò rẹ̀. Banub dúró ní àríwá, Zikri dúró ní gúúsù, odindi ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Banub ló ni orúkọ, òun ni wọ́n ń pè ní Mọ́álímù, òun ni bíṣọ́ọ̀bù ń kí tó bá wá. Zikri ń fi ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àpótí ọsàn àti àga àti ilé adìẹ nínú àgbàlá rẹ̀, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé a bọ́ aṣọ iṣẹ́, a wẹ ẹsẹ̀, a lọ dúró síhà tirẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé yìí ni Banub fẹ́ràn ju gbogbo ọ̀sẹ̀ lọ, nítorí ìyìn gbọọrọ tí à ń kọ ṣáájú Sọ́ńdè. Àwọn tó ń wá kì í pọ̀. Banub ní kò kan òun. Ó ní, "Láti Sọ́ńdè dé Fráídè, títọrọ là ń tọrọ. Olúwa, fún wa ní tibí, Olúwa, gba tọ̀hún kúrò lọ́rùn wa. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ṣé Ọlọ́run ò ní fẹ́ kí ẹnì kan yà kí òun lásán, láìgbé ẹ̀bẹ̀ dání?"

Galila ìyàwó rẹ̀ a ní, "Ìdí tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń ṣófo ní Sátidé nìyẹn, Bàbá Demiana. Ta ló fẹ́ lọ síbi tí wọn ò ti ń pín nǹkan?"

Ṣùgbọ́n òun náà ń lọ. A jókòó síhà àwọn obìnrin pẹ̀lú Insaf ìyàwó Zikri, wọn a máa rẹ́rìn-ín sáwọn ọkọ wọn lábẹ́ ìborùn.

Ohun kan wà tí àlejò máa ń bi wá. Kí ló dé tí a fi ń fi Àdúrà Ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo? Bí a bá fẹ́ ṣe ìrìbọmi, ọpẹ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbéyàwó, ọpẹ́. Ilé tuntun, ọpẹ́. Bí a bá gbé òkú wọlé, tí ìyá òkú ń fọwọ́ lu àyà, àlùfáà á kọjú sí ìlà-oòrùn, á ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí gbogbo ohun tó dé, èyí tó dùn àti èyí tó korò, nítorí pé Ó mú wa dé wákàtí yìí. Àwa náà mọ̀ pé ó le. A ò ṣáà mọ ọ̀nà mìíràn tí à bá gbé e gbà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ti ẹni tí a ò tíì mọ̀ bóyá oore ni wọ́n ṣe fún un ńkọ́? Ìyẹn ni àwọn àgbà ò sọ, ìyẹn náà ló sì mú wàhálà wá sáàárín Banub àti Zikri.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn Àjíǹde, lọ́dún tó kọjá, Insaf kú. Kíndìnrín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ìgbà òtútù. Ìdájí ló dákẹ́, a sì gbọ́dọ̀ sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí Zikri fi kan ilẹ̀kùn Banub.

"Zikri, ọ̀rẹ́ mi," ni Banub wí, ó ń wá ọwọ́ rẹ̀ láti dì mú. "Ọlọ́run á tù ọ́ nínú."

"Ohun kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ ọ́ sí. Lónìí, fi orin arò sìn ín. Bíi ti ọ̀sẹ̀ Ìjìyà. Mi ò bẹ nǹkan míì."

"A wà nínú àádọ́ta ọjọ́."

"Mo mọ̀. Ṣé lẹ́yìn mi lo ti kọ́ ọ ni?"

"Bó o bá mọ̀, kí lò ń bi mí sí? Bíṣọ́ọ̀bù ì báà kú lónìí, orin ayọ̀ la máa fi gbé e. Ìlànà ni ìlànà, Zikri. Èmi kọ́ ni mo ṣe é."

Zikri yí padà. Banub gbọ́ tó tọ ẹ̀bá ògiri lọ díẹ̀díẹ̀. Galila wà nínú ilé, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó ní, "Háà, Banub." Kò pè é ní Bàbá Demiana lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó di ọ̀sán, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Wọ́n gbé pósí Insaf síwájú aṣọ ìkélé. Lẹ́yìn Àdúrà Ọpẹ́, Banub gbé aro, ó sì kọ ẹsẹ̀ àríwá nínú orin ayọ̀, bó ṣe yẹ, láìyẹ̀ kúrò nínú ẹ̀ níwọ̀n ìrun orí. Ó kọ ọ́ tán, ó dákẹ́. Àwọn obìnrin tó fẹ́ sunkún ò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe. Gúúsù dá wáí. Ó ṣe díẹ̀, ohùn Zikri sì jáde láti ẹ̀gbẹ́ pósí, ó já gaara, ó lọ sókè, orin ayọ̀ náà ló fi dáhùn. Wọ́n sì kọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gbé Insaf jáde. Inú Banub dùn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ti gbà, pé kò sí ìjà.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Zikri ò wá. Ọ̀fọ̀ ni, Banub ò bá a wí. Sátidé kejì, kò wá. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, kò wá. A ń rí i ní Sọ́ńdè lẹ́yìn pátápátá, ní tòsí ilẹ̀kùn, yóò gba ara Olúwa, yóò sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Bí Banub bá kí i lójú ọ̀nà, á jẹ́ ẹ, kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ ó ní ṣebí àwọn ọ̀dọ́ wà. Wọ́n wà. Àwọn díákónì wa mẹ́jọ ni wọ́n ń wọ aṣọ funfun ní Sọ́ńdè, tí wọ́n ń wo orin nínú fóònù. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ Sátidé, bọ́ọ̀lù ni. Mi ò bá wọn jà, ẹni tó bá ti gbọ́ bí Banub ṣe ń fa ọ̀rọ̀ kan gùn títí tíì fi ń tutù nílé, yóò ṣàánú wọn.

Báyìí ni Banub ṣe wá ń dá ìyìn kọ. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ó kọ ẹsẹ̀ àríwá, ó sì ń retí. Gúúsù ò dáhùn. Ó tún un kọ, ó tún retí. Ni ó bá gbé aro sábẹ́ apá, ó na ọwọ́ síwájú, ó ka ìṣísẹ̀ mọ́kànlá dé ìhà gúúsù, ó dúró níbi tí Zikri máa ń dúró sí, ó sì kọ ẹsẹ̀ gúúsù. Ó tún ka mọ́kànlá padà. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ìyìn fi parí, Sátidé lẹ́yìn Sátidé, oṣù lẹ́yìn oṣù, àgbàlagbà afọ́jú tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni tí bàtà rẹ̀ sọnù. Ọ̀kan nínú àwọn díákónì rí i, àánú ṣe é, ó ní, "Mọ́álímù, ẹ kúkú dúró sójú kan kí ẹ kọ méjèèjì. Ta ló ń wò yín?"

Banub ní, "Bí mo bá dúró sójú kan, á jẹ́ pé mo ti gbà pé kò ní wá mọ́."

Lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì ọdún yìí, ó ṣubú. Ẹnì kan ló gbé àga sójú ọ̀nà láìmọ̀, orúnkún rẹ̀ wú. Abúnà Yostos, àlùfáà wa, ọ̀dọ́ tó ní sùúrù ni, ṣùgbọ́n èyí kó o láyà sókè. Ó pe Banub sí yàrá ẹ̀yìn.

"Mọ́álímù, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀."

"Abúnà, bí ẹ bá ti ní kí n jókòó, ọ̀rọ̀ náà ò dáa nìyẹn."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń wá ní Sátidé. Ẹ̀yin àti Ìyá Demiana. Ẹ ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Mi ò fẹ́ gbé yín lọ sí ọsibítù torí orin."

"Torí ìyìn."

"Torí ìyìn. Mo gbà. Mo fún wa títí di Àjọ̀dún àwọn Àpọ́sítélì. Bí kò bá sí ẹni tó ń dáhùn ní gúúsù kó tó di ìgbà yẹn, a ó máa ti ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Àwọn ọ̀dọ́ á kọ díẹ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè."

"Ìyìn kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń kọ díẹ̀, Abúnà. Ẹ jẹ́ kí n máa dá a kọ. Kí ló ń ná ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo wa pé ìhà méjì ni ìyìn ní, pé ẹnì kan kì í dá a kọ. Ìlànà ni ìlànà, Mọ́álímù. Ọ̀rọ̀ yín ni mo fi ń dá yín lóhùn."

Banub wá ọ̀pá rẹ̀ kàn, ó dìde. Ó ń tiro lọ sílé, ó jókòó, kò fọwọ́ kan búrẹ́dì, kò fọwọ́ kan wàràkàṣì. Galila bi í léèrè ohun tó dé, ó sì rò ó fún un.

"O wá pàdé ẹgbẹ́ rẹ," ni Galila wí. "Lọ bá Zikri."

"Kí n lọ bẹ̀ ẹ́ torí pé mo ṣe ohun tó tọ́?"

"Ẹni tó ṣe ohun tó tọ́ náà lè ṣẹ èèyàn. Èmi tí mo ti ń bá ohun tó tọ́ gbélé láti ọdún mẹ́tàdínlógójì, ṣé mi ò mọ̀ ni?"

"Zikri dá mi lóhùn lọ́jọ́ ìsìnkú. Gbogbo abúlé gbọ́. Bó bá ń bínú, kí ló dé tó dáhùn?"

"Òun ni kó o lọ bi, má bi mí."

Ó gbé ìyẹn rò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Agídí ò jẹ́ kó yá. Ó ku Sátidé kan péré kí Àjọ̀dún dé kó tó mú ọ̀pá rẹ̀ ní ọ̀sán Tọ́sìdeè, tó forí lé ilé Zikri. Òórùn ọ̀pá ọ̀pẹ tútù ló fi mọ̀ pé òun ti dé. Ó gbọ́ ọ̀bẹ tó ń la ọ̀pá, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Ọ̀bẹ dúró.

"Ta nìyẹn?" ni Zikri wí.

"Ṣé ojú ìwọ náà ti fọ́ ni?"

Zikri ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀bẹ tún bẹ̀rẹ̀. "Jókòó. Ṣé ilé adìẹ lo fẹ́ rà?"

"Àwọn adìẹ mi ti nílé. Ìwọ ni mo wá wò."

"Kí lo fẹ́ fi wò mí?"

"Wàá bú mi tán, wàá sinmi."

Rifka ọmọ Zikri gbé tíì jáde, ó rí ojú bàbá rẹ̀, ó sì yára wọlé padà. Banub di kọ́ọ̀bù mú, kò mu ún. Ó ti ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ilé, gbogbo ẹ̀ ti fò lọ.

"Zikri, mo tọ̀nà lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹsẹ̀ dídùn lo tiro dé ibí láti wá sọ ìyẹn?"

"Jẹ́ n parí. Mo tọ̀nà, ṣùgbọ́n torí ìlànà kọ́ ni mo ṣe kọ̀ fún ọ. Ẹ̀rù ló bà mí. Láti ọjọ́ tó o ti gbé Insaf wọlé, kò sí Fráídè kan tí kì í gbé búrẹ́dì gbígbóná lé mi lọ́wọ́ kó tó gbé fún ìwọ pàápàá. Ó ní ẹni tí kò rí i ni kó kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀. Bí mo bá fẹnu kan orin arò lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní lè parí ẹsẹ̀ kan. Màá sunkún bí ọmọdé lójú gbogbo Nasla. Mo bá fi ìlànà bojú. Ìwọ wá bẹ̀ mí ní ohun kan ṣoṣo, ara mi ni mo ń gbà là. Mo ṣẹ̀ ọ́, Zikri. Má bínú."

Ọ̀bẹ ti dúró. Zikri nu ojú rẹ̀ mọ́ aṣọ.

"O rò pé torí orin ni mi ò ṣe wá?"

"Torí kí ni?"

"Torí ẹnu mi yìí." Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Mo ti búra lọ́jọ́ yẹn pé mi ò ní dá ọ lóhùn. Mo ní kó o dá a kọ, kójú tì ọ́. Mo dúró ti pósí ìyàwó mi, mo di ẹnu mi pa. O kọ tàríwá tán, o wá dákẹ́, bí ìgbà tá a wà létí ipadò. Ni ẹnu mi bá là. Èmi kọ́ ni mo là á, Banub, mo fi Ọlọ́run búra. Mo kàn gbọ́ ohùn ara mi ni. Kì í ṣe ìyẹn náà ló burú jù. Ó dùn mọ́ mi. Insaf wà nínú àpótí níwájú mi, orin sì ń dùn mọ́ mi. Ara mi fúyẹ́. Mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo délé, mo wo ibùsùn, ojú tì mí. Irú ọkọ wo nìyẹn?"

"Zikri."

"Àbúrò Insaf obìnrin sọ ọ́ lójú mi. Ó ní mo ń kọrin bí ọkọ ìyàwó. Ó ní ẹsẹ̀ mi pàápàá ń jó."

Banub ní, "Èmi ò rí ẹsẹ̀ rẹ o."

Ẹ̀rín bú sẹ́nu Zikri kó tó lè dá a dúró, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lágbede méjì. Banub fọwọ́ tálẹ̀ títí ó fi kan orúnkún rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé e, kò gbé e kúrò.

Nígbà tó yá, Banub ní, "Gbọ́. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta la fi ń dúpẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, èmi pẹ̀lú ẹ. A dúpẹ́ ọmọ, a dúpẹ́ ìyàwó, a dúpẹ́ ilé. Kí ló ná wa? Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, èmi ń kọrin ni. Abúnà ń ka ìwé. Àwọn èèyàn ń wo ojú ara wọn. Ìwọ nìkan lo dúpẹ́ nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì."

Zikri fa imú. Ó ti ipò rẹ̀ dìde, ó gbá àwọn èèpo ọ̀pá jọ, ó tún jókòó.

"Tíì rẹ ti tutù," ni ó wí.

Ìyẹn nìkan ló sọ. Kò ní òun ń bọ̀, kò ní òun ò wá. Galila ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Banub dé.

"Kí ló wí?"

"Ó ní tíì mi ti tutù."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Galila wí. "Ẹni tó fẹ́ lé ọ ò ní wo inú kọ́ọ̀bù rẹ."

Sátidé dé. Oòrùn ṣì wà lórí òrùlé nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì. Abúnà Yostos fúnra rẹ̀ wá, nítorí kò fẹ́ kí Mọ́álímù dá wà lọ́jọ́ tó lè jẹ́ ìgbẹ̀yìn. Galila jókòó síhà àwọn obìnrin. Abúnà ka Àdúrà Ọpẹ́, ohùn rẹ̀ ò le tó ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fà sẹ́yìn. Banub gbé aro, ó sì kọ ẹsẹ̀ àríwá.

Ó kọ ọ́ bí Abadir ṣe kọ́ ọ, kò gé e kúrú nítorí ìbànújẹ́. Ó kọ ọ́ tán. Ó dúró. Ó gbọ́ fáànù tó ń yí lókè, ó gbọ́ àwọn ẹyẹ lójú fèrèsé. Gúúsù ò mí. Ó dúró ju bó ṣe ń dúró lọ, ó dúró títí Galila fi hú ikọ́. Kò tún un kọ. Ó gbé aro sábẹ́ apá, ó na ọwọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọ̀kan, méjì. Orúnkún ń dùn ún. Ní ìṣísẹ̀ kẹwàá, ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ. Àyà ènìyàn ló wà nínú aṣọ náà, ó ń mí gúlegúle, ó ń ta òórùn ọ̀pá ọ̀pẹ.

"Ta nìyẹn?" ni Banub sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ̀.

"Ibí ti lẹ́ni," ni Zikri wí. "Padà síhà tìẹ. Ṣé bí wọ́n ṣe ń wá ká ènìyàn mọ́ nìyí, kó tó rí ohùn rẹ̀ he?"

Banub yí padà. Ẹni tí kì í ṣi ìṣísẹ̀ kà ṣì í kà lọ́jọ́ náà, ó fi èjìká gbá àtẹ ìwé, Galila sì rẹ́rìn-ín sókè nínú ilé Ọlọ́run. Kó tó fọwọ́ ba ipò rẹ̀, gúúsù ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà há, ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí wọn ò lò ó. Ó já lójú ọ̀nà, Zikri tún un mú níbi tó ti já, ó gbé e gòkè, ó sì gbé e dé ibi tí ẹsẹ̀ náà ń parí sí.

Ó kan àríwá. Banub gbé aro sókè, ó la ẹnu, ẹkún tó sá fún lọ́jọ́ ìsìnkú Insaf ti dúró dè é níbẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, nǹkan kan ò jáde. Zikri sì dúró ní gúúsù, ó ń retí rẹ̀.